Ọwọ́ Aláró Nínú Kòkó

Ó ti rẹ Àpìkẹ́ kí wọ́n tó kúrò ní Òṣogbo rárá. Aláró ni. Ẹ̀yìn ìkòkò aró ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti kékeré ló sì ti ń ti ọwọ́ bọ ẹ̀lú, débi pé aró ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Kò sí ọṣẹ tó ràn án mọ́. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́jà á ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù Disẹ́ńbà sì ni oṣù tó burú jù fún aláró, nítorí gbogbo ẹni tó ti gbàgbé láti oṣù kìíní pé ọdún ń bọ̀, ìgbà náà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, wọn yóò gbé aṣọ wá, wọn yóò sì ní àwọn ń fẹ́ ẹ lọ́la.

Irú àsìkò yìí ni ọkọ rẹ̀, Olúmúyìwá, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọlé tayọ̀tayọ̀, tó ní kó di ẹrù àwọn ọmọ, àwọn ń lọ sí abà bàbá òun lẹ́yìn Iléṣà.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, Baba Fàtímọ̀?"

"Àwọn ọmọ fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣokoléètì. Àti kọfí."

Àpìkẹ́ wo aṣọ tó wà lórí okùn, ó wo èyí tó wà nílẹ̀, ó wá wo ọkọ rẹ̀. "Ṣokoléètì," ló wí.

Fàtímọ̀, ọmọ wọn obìnrin, ló fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí bàbá àgbà wá kí wọn lọ́dún Àjíǹde, ọmọ náà bi í léèrè ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì. Bàbá ní òyìnbó ni. Ọmọ ní ṣebí bàbá ló ń gbin kòkó. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ní báwo ni èèyàn ṣe máa gbin nǹkan títí tó fi máa hu ewú, tí kò ní mọ ohun tí nǹkan náà ń dà? Ìtìjú mú bàbá. Ó padà sí abà, ó lọ bá ọ̀gá ágíríkì kan ní Iléṣà, ó kọ́ ọ, ó sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá.

Ṣokoléètì nìkan kọ́ ló wà ńlẹ̀, Àpìkẹ́ sì mọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú. Bàbá, Amos Ọdúntán, wá ku òun nìkan nínú igbó kòkó, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Olúmúyìwá fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Òṣogbo. Bàbá ní òun ò ní ṣàìlọ, ṣùgbọ́n òun ò ní lọ jókòó sílé obìnrin tí kò pe òun. Bí ìyá àwọn ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun, òun á kó ẹrù òun.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí Àpìkẹ́ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ síwájú bàbá yìí, ní ìyàwó tuntun, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo. Bàbá kò wo oúnjẹ. Ọwọ́ ló wò. "Ọwọ́ yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún ọmọ mi? Aró ò ní í wọnú ọbẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní òun ti yó. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkúùgbà tí Àpìkẹ́ bá gbé oúnjẹ dé iwájú rẹ̀, bàbá á ti yó. Ọmọ rẹ̀ dàgbà, àbúrò ọmọ dé, ebi kì í pa bàbá yìí, bó bá ti rí ọwọ́ aláró, á yó.

Àwọn kan rò pé ẹ̀sìn ló fà á. Irọ́ ni. Bàbá kì í pa ìsìn jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, Àpìkẹ́ kì í pa ìrun jẹ, wọn kò sì bá ara wọn fa ìyẹn rí. Àní bàbá sọ Fàtímọ̀ ní Phebe, Fàtímọ̀ sì ń jẹ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bí ọkùnrin, wọ́n fi oríkì pè é ní Àkànó, torí oríkì kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ló dun Àpìkẹ́. Ọwọ́ tó fi ń jẹun, ọwọ́ tó fi tọ́ ọmọ, ọwọ́ náà ni bàbá kórìíra. Nítorí náà ó ti pinnu. Kò ní pè é. Bí ọkọ rẹ̀ bá tì í títí, yóò sọ pé, "Bàbá, ilé wa kéré," yóò sì dákẹ́. Gbólóhùn yìí ló gbé sẹ́nu tó fi wọ mọ́tò.

Ọdún náà ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Dírẹ́bà tó gbé wọn ṣì ń gbàgbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbàgbé, gbogbo èrò á pariwo, á sì yà padà, á ní kí wọ́n má bínú. Àpìkẹ́ kò bá wọn pariwo. Ó gbé Àkànó sórí itan, ó fi orí ti pákó mọ́tò, ó ń wo eruku títí wọ́n fi kọjá Iléṣà, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkéjì, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù wọnú igbó.

Bàbá jáde pàdé wọn. Ó ti gbẹ ju bó ṣe rí lọ́dún Àjíǹde lọ. "Ẹ kú àbọ̀ o. Phebe mi, ṣé kò rẹ̀ ọ́? Ìyá Phebe, ṣe pẹ̀lẹ́." Àpìkẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i. Nígbà tó di alẹ́, ó se àsáró, ó bu tirẹ̀ fún un. Bàbá ti sun kókò sínú iná. "Mo ti yó," ló wí, ó ń bó kókò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ́ ti kọfí. Igi kọfí díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, bàbá sì ti ká èso rẹ̀, ó ti sá a, ó ti gbẹ. Wọ́n gún un nínú odó kí èèpo lè bọ́, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n da hóró sínú agbada, wọ́n ń rò ó lórí iná títí ó fi dúdú, tí èéfín ń lé kálukú sẹ́yìn. Wọ́n lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, wọ́n sè é. Àkànó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó ní ẹyín iná ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Àpìkẹ́ jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó fẹ̀yìn ti igi. Ó ń gbọ́ wọn lókèèrè.

Lọ́sàn-án, wọ́n bọ́ sídìí kòkó. Bàbá ti ká a jọ. Ó gbé èso kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, torí ọlọ́wọ́ òsì ni bó bá di ọ̀ràn àdá, ó ṣá a, ó là sí méjì. Ó ní kí àwọn ọmọ fá omi funfun ara rẹ̀ lá, kí wọ́n má gé hóró rẹ̀ jẹ. Ó ṣá òmíràn. Ó ṣá òmíràn. Ìgbà tó yá, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yìí ṣì, àdá sì gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí kòkó funfun. Olúmúyìwá sáré dìde. Bàbá ní kò sí nǹkan, ó ya aṣọ dì í, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Wọ́n kó gbogbo hóró tútù náà jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí òkìtì, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn bò ó. "Bí a bá sá a báyìí, kò ní í lóòórùn ṣokoléètì láé," bàbá wí fún Fàtímọ̀. "Ó gbọ́dọ̀ gbóná ná. Ní ọ̀túnla, a ó ṣí i, a ó yí i, kí ti ìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè, kó rí afẹ́fẹ́. A ó tún bò ó. A ó tún yí i. Lẹ́yìn náà la ó sá a." Fàtímọ̀ gbọ́. Àpìkẹ́ kò gbọ́, nítorí ó ti sùn lórí ìjókòó.

Ọwọ́ bàbá wú. Ní ọ̀túnla náà gan-an, kò lè ká ìka rẹ̀ mọ́, ibà sì wọ̀ ọ́ lára. Olúmúyìwá ní àfi ọsíbítù ní Iléṣà. Bàbá jà títí, ó gbà. Bí wọ́n ti fẹ́ máa lọ, ó yíjú sí Àpìkẹ́.

"Kòkó yẹn, mo fi sí ọ lọ́wọ́ o. Ọyẹ́ yìí le. Má jẹ́ kó tutù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àpìkẹ́ lára lọ́nà tí kò retí. Sí ọ lọ́wọ́. Ó fẹ́ẹ̀ bi í léèrè pé ọwọ́ wo ni ẹ ń wí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fún wọn lálàáfíà.

Ilé wá ku òun àtàwọn ọmọ. Ó lọ sídìí kòkó, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ewé. Ó ń gbóná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan kan yé e ní abà náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò aró ṣe máa ń gbóná, bí ẹ̀lú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra nínú omi eérú. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ìkòkò aró kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀ tí à ń ṣí wò. Ẹni tó bá ṣí i láìtọ́jọ́, omi lásán ni yóò bá. Wọ́n ti nà án rí nítorí ìyẹn.

"Màmá," Fàtímọ̀ wí, "bàbá àgbà ní òní la máa ṣí i, ká yí i."

"Yí kí ni?"

"Kòkó."

"Ta ni yóò ṣí nǹkan nínú ọyẹ́ yìí? Ṣé o kò gbọ́ tí wọ́n ní kó má tutù ni?"

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní..."

"Fàtímọ̀, ó rẹ̀ mí. Ìdí nǹkan gbígbóná ni wọ́n bí mi sí. Má fọwọ́ kàn án."

Àpìkẹ́ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, ó bò ó. Nígbà tí ọyẹ́ mú ju ti àná lọ, ó wá àpò ìdọ̀họ kún un. Ó tún bọ́ ìró rẹ̀ kan lé e lórí, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ yíká. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Láàárín méjì, ó ń sùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti sùn lọ́sàn-án, kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú oorun bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n bó bá jí, àárẹ̀ ọ̀hún á ti jókòó dè é, nítorí ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá sọ. Ó fẹ́ kí kòkó yìí dára. Ó fẹ́ lè wo bàbá lójú, kó ní, "Ohun tí ẹ fi sí mi lọ́wọ́ nìyí, kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ilé wa kéré." Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀ fún àgbà, ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ní àwọn máa lò. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kí Olúmúyìwá tó mú bàbá dé. Wọ́n ti la ọwọ́ náà, wọ́n ti dì í pẹ̀lú báńdéèjì funfun títí dé ọrùn ọwọ́. Kí bàbá tó jókòó, ó dúró. Ó gbé imú sókè.

Àpìkẹ́ ti ń gbọ́ òórùn náà láti àná. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni aró ṣe ń rùn.

Bàbá lọ sídìí òkìtì, ó fi ẹsẹ̀ yẹ òkúta, ó fi ọwọ́ òsì ká ìró, ó ká àpò, ó ká ewé. Kòkó ti dúdú, ó ti yọ̀ lábẹ́, funfun ti hù ní etí rẹ̀ yíká. Ó ń rùn bí awọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi.

"Ẹ ò yí i?" Olúmúyìwá béèrè.

Fàtímọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo gbàgbé láti sọ fún Màmá."

Ohun tó fọ́ Àpìkẹ́ nìyẹn. Kòkó kọ́. Ọmọ tó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀, kí wọ́n má baà tún wo ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Ó sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Bí a ṣe ń tọ́jú aró ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀." Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù fún ẹkún. "A kì í ṣí aró."

Bàbá yíjú. Ó wò ó pẹ́. "Ẹ kì í ṣí i rárá?"

"Bí kò bá tíì tó, a kì í ṣí i."

"Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ pé ó ti tó?"

"Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n lára ìkòkò. Tó bá gbóná, tó wá rọlẹ̀, ó ti tó nìyẹn."

Bàbá mi orí bí àgbẹ̀ ti ń mi orí bí wọ́n bá ń sọ ti oko ẹlòmíràn fún un. "Èyí náà gbóná, ó rọlẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tún wo òkìtì náà, ó wo ìró tó wà nílẹ̀, tí omi kòkó ti bà jẹ́. "Ìró rẹ nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ìwọ náà ti sùn nínú òtútù nítorí kòkó." Ó fi ẹsẹ̀ yẹ ewé kan sẹ́yìn. "Lọ gbé agbada wá."

"Bàbá, ó ti bàjẹ́," Olúmúyìwá wí.

"Ṣé imú mi dí ni? Mo ṣèlérí ṣokoléètì fún Phebe. Ọ̀la lẹ ń lọ. Ta ló fẹ́ dúró de oòrùn?"

Ọwọ́ ọ̀tún bàbá wà nínú báńdéèjì, ti òsì ń gbọ̀n. Àpìkẹ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ṣa èyí tó sàn díẹ̀ láàárín òkìtì, ó fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́ lórí agbada pẹ̀lú iná tó rọra ń jó, ó wá yan án. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un: rò ó, ó tó, rọra, èèpo ti ń ta. Wọ́n bó o. Àpìkẹ́ kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó ń lọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ tí aró ti mu ń wọnú kòkó dúdú. Bí ó ṣe ń lọ̀ ọ́, ó ń yọ òróró, ó ń dà bí àtè. Bàbá ní ibẹ̀ gan-an ni ṣokoléètì wà, kó má dúró. Èjìká Àpìkẹ́ ń ro ó. Kò dúró. Wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n fi mílíìkì agolo sí i, wọ́n da omi gbígbóná lé e, wọ́n bù ú sínú ife.

Àkànó tọ́ ọ wò, ó sáré lọ síta. Fàtímọ̀ gbé ẹ̀kán kan mì, omi lé sójú rẹ̀, ó ní ó dára. Olúmúyìwá fi ètè kàn án, ó rọra gbé tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó.

Ó wá ku ife bàbá. Ọwọ́ òsì nìkan ló ní, ó lè fi í gbá àdá mú, ṣùgbọ́n kò sí àgbà Ìjẹ̀ṣà kan tí yóò fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan sẹ́nu níwájú ọmọ. Olúmúyìwá, tó ti ń fún un lóúnjẹ láti ọsíbítù, dìde láti gbé ife.

"Jókòó," bàbá wí. "Ìyá Fàtímọ̀ ni kó fún mi."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Àpìkẹ́ gbé ife pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bó ṣe gbé àwo lọ́jọ́ kìíní, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bàbá wo ọwọ́ náà. Ó wò ó dáadáa, láti èékánná dé ìgúnpá, bí ẹni tó fẹ́ rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu. Ó mu ún. Ó mí, ó tún mu ún. Ojú rẹ̀ ń pọ́n, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń kọ̀, ó ń gbé e mì. Àpìkẹ́ fẹ́ gba ife kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi orí pé rárá. Ó mu ún títí ó fi kan ìdí.

"Kò dára," ló wí nígbà tó gba èémí.

"Kò dára, Bàbá."

Olúmúyìwá ń wo ìyàwó rẹ̀, Àpìkẹ́ sì mọ ohun tó ń retí. Ó wá ọ̀rọ̀ tó gbé wá láti Òṣogbo lẹ́nu ara rẹ̀, ó bá a níbẹ̀, ó ṣì pé.

"Bàbá, ilé wa kéré," ló wí. Ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́ síbẹ̀ mọ́. "Àárín ìkòkò aró la ń gbé. Ó ń rùn."

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nu ẹnu. "Èyí tí mo mu yìí ńkọ́?"

Àpìkẹ́ kò rò pé òun lè rẹ́rìn-ín, ó rẹ̀ ẹ́ kọjá ẹ̀rín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ta á láyà, ó sì bọ́ sẹ́nu. Ó rí gbogbo rẹ̀: ẹnu kan sí i nílé, ife kan sí i láàárọ̀, ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí yóò máa wá ọwọ́ tirẹ̀. Àárẹ̀ tó gbé wá kò fúyẹ́. Ó ti wúwo sí i.

"Ẹ di ẹrù yín, Bàbá. Mo pè yín. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ sílé."

"Mo gbọ́," bàbá wí. "Àní kọfí mi ńkọ́? Ṣé ilé yín yóò gbà á?"

"Ẹ dì í mọ́ ọn."

Ó dìde, orókún rẹ̀ ń dùn ún. Ó lọ fọ ife náà lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn lè lọ. Òórùn kò lọ tán. Ó gbọn omi rẹ̀ nù, ó sì tì í sáàárín ẹrù tí wọn yóò gbé lọ sí Òṣogbo.